Lẹ́yìn Dìgírì Àkọ́kọ́: Ọ̀nà Wo Ló Kù fún Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde Tó Fẹ́ Di Dókítà?

Bí JAMB bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀, èrò kì í tán níwájú àwọn ibùdó kọ̀ǹpútà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lórí ìlà kan náà ni ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ ti máa ń dúró pẹ̀lú ẹni ọdún 25 tó ti gba BSc, tó ti sin ìlú tán, tí kákí NYSC rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Èsì WAEC nìkan ni àbúrò mú dání. Ẹ̀gbọ́n mú èsì WAEC àtijọ́, ó mú ìwé-ẹ̀rí yunifásítì, ó mú ìwé ìsìnrú ìlú. Kọ́ọ̀sì kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ kọ sí ipò kìíní: Medicine and Surgery.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Physiology ló kà, tàbí Biochemistry, tàbí Microbiology, torí ohun tí yunifásítì fún un nìyẹn nígbà tó béèrè ìṣègùn. Ní báyìí tó ti kà á tán, ìmọ̀ràn ń rọ̀ lé e lórí bí òjò. Bàbá ní kó lọ ṣe másítà kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lè wúwo sí i. Ọ̀rẹ́ ní kó forúkọ sílẹ̀ fún JUPEB, ètò ìgbaradì fún yunifásítì. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní lẹ́sìn ní kó tún JAMB ṣe. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ tó wà ní Houston ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Gbogbo wọn ló fẹ́ ire fún un, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn kò lè jọ bá iléèwé kan ṣoṣo mu.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìtàn àwọn dókítà wa àtijọ́ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Àdúgbò Pòrògún ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Sir Samuel Ayọ̀dèjì Manuwa sí ní 1903. Láti King's College l'Ékòó ló ti gba Yunifásítì Edinburgh lọ, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1926. Òun ló wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba. Ìjẹ̀bú-Òde náà ni wọ́n bí Olikoye Ransome-Kuti sí ní 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School. Trinity College ní Dublin ni òun ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, kó tó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Àwọn méjèèjì yìí kò kọ́kọ́ ya sídìí iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tó kọ́ ìṣègùn. Ti Oguntọ́lá Sapara l'Ékòó kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Sapara kọ́kọ́ kọ́, ó tún ṣiṣẹ́ nídìí oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba, kó tó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1888. Nígbà tó fi gba oyè rẹ̀ ní 1895, ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún.

Kò sí iléèwé ìṣègùn tó ń fúnni ní dìgírì nílé nígbà náà. Ọdún 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, 1957 ni wọ́n sì ṣí UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, HSC, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì lẹ́yìn girama, ni ọmọ máa ń ṣe kó tó wọlé, nítorí náà ó ti fojú kan kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì tó jinlẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. JAMB dé ní 1978, ètò 6-3-3-4 dé ní àwọn ọdún 1980, ó sì gba ipò HSC. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń ti girama bọ́ sínú ìdánwò ọjọ́ kan tó lè yí ayé rẹ̀ padà. Ohun tó ṣófo níbi tí HSC wà tẹ́lẹ̀ ni JUPEB, IJMB àti lẹ́sìn ń gbìyànjú láti dí.

Ojú ọ̀nà náà há gan-an. Ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 èèyàn tó ṣe ìdánwò JAMB. Ìgbìmọ̀ MDCN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ló máa ń sọ iye ọmọ tí iléèwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, iléèwé tó bá sì kọjá iye yẹn máa ń jìyà rẹ̀. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2024 pé àwọn ti fẹ ààyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera láti 28,000 sí 64,000 lọ́dún. Àmọ́ nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn mìíràn ló jọ pín ààyè yẹn pẹ̀lú dókítà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí ìwé-ẹ̀rí ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrètí ń pọ̀ sí i. Ní Nàìjíríà, MBBS fúnra rẹ̀ dìgírì àkọ́kọ́ ni, ọdún mẹ́fà ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Ohun tí iléèwé bá ní òun yóò kà nìkan ló máa kà. Nítorí náà, kí èèyàn tó mọ ohun tí yóò tún kà, ó gbọ́dọ̀ mọ bí iléèwé tó ń lé ṣe ń ṣírò.

Ọ̀nà kìíní ni títún WAEC tàbí JAMB ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi Yunifásítì Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Nínú 100, 50 jẹ́ ti JAMB, 30 jẹ́ ti post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn UTME tí í ṣe ti JAMB, 20 jẹ́ ti WAEC tàbí NECO. Wọ́n á pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ. Nínú WAEC, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń wò: A1 gba 4, B2 gba 3.6, B3 gba 3.2, C4 gba 2.8, C5 gba 2.4, C6 gba 2. Ẹ wá mú bébà àti bírò. Ẹni tó ní B3 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, B2 nínú ìṣirò, B3 nínú bàọ́lọ́jì, C4 nínú kẹ́mísìrì àti C5 nínú físíìsì ní 15.2. Bó bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìjókòó kan, tó gba A1 mẹ́ta àti B2 méjì, ó di 19.2. Máàkì 4 péré ló lé. Lójú ẹni tí kò ṣírò, kékeré ni. Bẹ́ẹ̀, kí JAMB tó fún èèyàn ní 4 yẹn, àfi kí ó fi 32 gbáko kún máàkì rẹ̀, bí ẹni tó kúrò ní 264 tó bọ́ sí 296. Ẹnikẹ́ni tó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì mọ bí 32 ṣe wúwo tó.

Ẹ gbé ìṣirò kan náà lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó dojú rú. Dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń pín ti JAMB àti post-UTME níbẹ̀. WAEC kò ní máàkì tirẹ̀. Bí kíréédíìtì márààrún bá ti pé, ẹni tó lo ọdún kan láti sọ C5 di A1 kò jèrè nǹkan kan n'Íbàdàn. Ìwé kan náà, wàhálà kan náà, ó wúlò ní Yunifásítì Èkó, kò wúlò ní ti Ìbàdàn.

Ọ̀nà kejì ni ti JUPEB àti IJMB. Yunifásítì Èkó ni olú ilé JUPEB, àwọn yunifásítì kan ló kóra jọ dá a sílẹ̀ ní 2014, Yunifásítì Olabisi Onabanjo (OOU) tiwa ní Àgọ́-Ìwòyè sì wà lára àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀. IJMB jẹ́ ti Ahmadu Bello ní Zaria. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n ń gbà, iṣẹ́ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Fún ìṣègùn, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ni. A ní 5, B ní 4, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ń gba 1 sí i, ìyẹn ni iye tó ga jù lọ fi jẹ́ 16. Ẹni tó bá fi wọlé ìṣègùn, ipele 200 ló ti máa bẹ̀rẹ̀; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Direct Entry.

Ọ̀pọ̀ ka ètò yìí sí ti ọmọ girama nìkan. Bẹ́ẹ̀, ó lè gba ẹnì kan tó ti gba dìgírì là: ẹni tó jáde pẹ̀lú Second Class Lower. Ìwé BSc rẹ̀ kò ní wúlò níbi tí wọ́n ti ń béèrè Second Class Upper, ṣùgbọ́n JUPEB kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀ àtijọ́. Bó bá kó 15 tàbí 16, ojú tuntun ni wọ́n fi ń wò ó. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo yunifásítì kọ́ ló ń gba JUPEB tàbí IJMB fún ìṣègùn, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti àpò kékeré. Ìjàǹbá mìíràn ni ti ayédèrú èsì. Òun ló mú kí JAMB sọ ní 2023 pé inú ọ́fíìsì òun nìkan ni ẹni tó fẹ́ gba Direct Entry ti lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí èsì tí kò jókòó ṣe fún, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe àdìmíṣọ̀n.

Ọ̀nà kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kíròsì. Wọ́n á gba Anatomy tàbí Physiology, wọ́n á kàwé bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn yóò fò sínú ìṣègùn lọ́dún kejì. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba àwọn tí CGPA wọn ga ju 4.50 lórí 5.00 ló máa ń rí ààyè náà, ìyẹn náà bí ọmọ ìṣègùn kan bá ṣubú tàbí tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ tí iye tí MDCN fọwọ́ sí kò sì tíì kún. Kò sí ọ̀gá ẹ̀ka kankan tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé e. Ẹni tó bá gba Anatomy gbọ́dọ̀ gbà á bí ẹni tó lè parí rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ẹ̀gbọ́n tí a fi bẹ̀rẹ̀: Direct Entry pẹ̀lú dìgírì. Bó bá ní Second Class Upper tàbí First Class nínú sáyẹ́ǹsì tó sún mọ́ ìṣègùn, tí WAEC rẹ̀ sì pé, àwọn iléèwé kan yóò gbà á sí ipele 200, yóò sì lo ọdún márùn-ún. Kí àwọn tó ka BSc.Ed ní Tai Solarin, Ìjagun, kíyè sí i pé iléèwé ìṣègùn máa ń kọ irú dìgírì tó ń gbà sílẹ̀ ní pàtó, ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kì í sì í sábà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń du ààyè Direct Entry pọ̀, ààyè náà kò pọ̀. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ onídìgírì padà sí ìlà JAMB pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn. JAMB kò sì gbà kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún UTME àti Direct Entry papọ̀ lọ́dún kan náà. Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Másítà ńkọ́, tí bàbá ń pariwo rẹ̀? Ẹ padà wo gbogbo ìṣirò tó wà lókè yìí, ẹ ò ní rí i níbì kan. JAMB kò ní àlàfo fún un, post-UTME kò fún un ní máàkì, Direct Entry ti tó pẹ̀lú dìgírì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì ṣe MSc Physiology nítorí kí iléèwé ìṣègùn kan nílé lè rí i, òru ló ń ṣẹ́jú fún. Èyí kò sọ másítà di òfo. Ó ń sọ èèyàn di olùkọ́ yunifásítì, MPH, másítà nínú ìlera ará ìlú, ń gbé èèyàn dé ilé iṣẹ́ ìlera ìlú, àwọn iṣẹ́ iyì sì ni. Kí á ṣe é nítorí wọn, kí á má ṣe é bí àtẹ̀gùn sí MBBS.

Ohun kan náà là ń sọ nípa College of Health Technology tó wà ní Ìlésè, ẹ̀yìn ilé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn òbí kan máa ń rán ọmọ lọ síbẹ̀ pé kó máa sún mọ́ dókítà díẹ̀díẹ̀. Iléèwé náà ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí abúlé ń retí, iṣẹ́ wọn sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n dípúlómà ibẹ̀ kì í gbé èèyàn wọ iléèwé ìṣègùn. Ó dára kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó san owó fọ́ọ̀mù.

Bí a bá rékọjá òkun, ọ̀rọ̀ yí padà, ìyẹn ni ìmọ̀ràn Houston fi ń da orí rú. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn kì í sábà ti girama wọ iléèwé ìṣègùn tààrà. Dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin ni ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò MCAT tí máàkì rẹ̀ ń lọ láti 472 dé 528. Níbẹ̀ ni kíka ìwé sí i lẹ́yìn dìgírì ti di ọjà ńlá. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni post-bacc, níbi tí onídìgírì ti ń padà lọ ka kẹ́mísìrì tàbí bàọ́lọ́jì ní ipele dìgírì àkọ́kọ́. Èkejì ni másítà àkànṣe, irú èyí tí Georgetown ti ń ṣe láti 1975, níbi tí wọ́n ti ń ka iṣẹ́ tó jọ ti ọdún àkọ́kọ́ ìṣègùn.

Ìyàtọ̀ àárín wọn kò hàn sójú, ó sì lágbára. AMCAS, ètò tí ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn Amẹ́ríkà fi ń gba ìwé ìbéèrè, máa ń ka máàkì post-bacc pọ̀ mọ́ GPA ti dìgírì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ ni ó ń gbé ti másítà kalẹ̀. Nítorí náà, bí GPA àtijọ́ bá ti bàjẹ́, post-bacc ló lè gbé e sókè. Másítà lè fi hàn pé ọmọ náà ti gbọ́n sí i, kò lè pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó gba dìgírì rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìdènà mìíràn: ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn níbẹ̀ ń fẹ́ kí èèyàn ti ka iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Fún ẹni tó bá ní ìwé náà, ọdún kan tàbí méjì nínú post-bacc kì í ṣe àṣejù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham àti agbègbè rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní graduate entry. Ọdún mẹ́rin ni, St George's ní London sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000. Second Class Upper ni wọ́n sábà máa ń béèrè pẹ̀lú GAMSAT tàbí UCAT. Níbẹ̀, àwọn yunifásítì kan máa ń gba Lower bí másítà bá tì í lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn bàbá wúlò ní London, kò wúlò ní Ṣàgámù níbi tí iléèwé ìṣègùn OOU wà. Nítòsí wa, Yunifásítì Gánà ní ètò ìṣègùn fún àwọn onídìgírì, ó sì ní ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà kúkúrú sí orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá ní láti rántí Oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí oníròyìn kan tú àṣírí bí òun ṣe gba dìgírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò pẹ́ sígbà náà, ní Oṣù Kìíní 2024, ni ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò dìgírì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró. Ibi yòówù tí èèyàn bá sì ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lókè òkun, ìdánwò MDCN sábà máa ń dúró dè é nílé kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọdún ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í kà. Ẹni tó sin ìlú tán ní ọdún 24, tó gba Direct Entry lọ́dún yẹn gan-an, yóò parí ní 29 bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá sí i. JAMB yóò fi ọdún kan kún un. Lẹ́yìn náà, ọdún kan fún housemanship. Bó bá kọ́kọ́ ṣe másítà ọlọ́dún méjì, gbogbo rẹ̀ sún síwájú. Àǹfààní kan ṣoṣo tó ní lórí àbúrò rẹ̀ ni pé kò ní sin ìlú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ẹni tí WAEC rẹ̀ kò lágbára, tó ń lé iléèwé tó ń ka WAEC, kó tún un ṣe kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹni tó ní Upper tàbí First Class, kó gba Direct Entry ní iléèwé tó dárúkọ dìgírì rẹ̀. Ẹni tó ní Lower, JUPEB tàbí JAMB ló yá jù nílé. Másítà di ọ̀rọ̀ bó bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, post-bacc di ọ̀rọ̀ bó bá ní ìwé Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó fọ́ọ̀mù kankan lọ́dún yìí, ó yẹ kó ṣí IBASS, ìwé ìtọ́nisọ́nà tí JAMB gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ka ohun tí iléèwé mẹ́ta ń béèrè fún Medicine and Surgery, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. OOU ní Àgọ́-Ìwòyè àti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde: ẹni tó bá jí wọkọ̀ láàárọ̀ lè dé ibi tí wọ́n ti ń gbani wọlé, kó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójúkojú, kó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.